Ìwé Tí Mósè Kò Kọ



Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Adó-Èkìtì àti ní àwọn ìlú àyíká wa ni ó ti gbọ́ nípa ìwé tí a ń pè ní Ìwé Mósè Kẹfà àti Keje. Lóde òní, òun àti àwọn ìwé mìíràn tí ń jẹ́ orúkọ Kàbálà ti dé orí fóònù pẹ̀lú, wọ́n sì ń ṣèlérí ìdàgbàsókè ẹ̀mí, owó, ìwòsàn àti ààbò. Ó yẹ kí Kristẹni mọ ibi tí nǹkan ti wá kí ó tó gbé ọkàn lé e.

Èkíní, ta ni ó kọ ọ́? Kì í ṣe Mósè. Ìwé 5 ni a ń pè ní ìwé Mósè, láti Jẹ́nẹ́sísì dé Deuterónómì. Kò sí Bíbélì kan, ti àwọn Júù tàbí ti àwa Kristẹni, tí ó ní ẹ̀kẹfà àti ìkeje. Johann Scheible ni ó tẹ ìwé náà jáde ní Stuttgart, ní ilẹ̀ Jámánì, ní 1849. A tẹ̀ ẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní New York ní 1880. Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ de Laurence ní Chicago ń fi í ránṣẹ́ dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, fún ẹni tí ó bá fi owó ránṣẹ́.

Èkejì, kí ni Kàbálà fúnra rẹ̀? Ọ̀rọ̀ Hébérù ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tí a gbà láti ọwọ́ àwọn baba. Zohar, ìwé rẹ̀ tí ó lókìkí jùlọ, jáde ní ilẹ̀ Sípéènì ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá. Lọ́dọ̀ àwọn Júù, àṣàrò ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni. Àṣà kan tilẹ̀ wà láàárín wọn pé kí akẹ́kọ̀ọ́ pé 40 ọdún, kí ó sì mọ Òfin dunjú, kí ó tó fọwọ́ kàn án. A kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àwọn ìwé ọjà ni ó gé ọ̀nà gígùn yìí kúrú, tí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀nà àtirí ire kíákíá.

Ẹ̀kẹta, ẹlòmíràn yóò wí pé, “Sáàmù ni mo ń kà nínú rẹ̀, kí ni ó burú níbẹ̀?” Ẹ jẹ́ kí a rò ó dáadáa. Àwa ọmọ Yorùbá mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀bẹ̀ àti ọfọ̀. Ẹni tí ń pe ọfọ̀ gbàgbọ́ pé bí òun bá ti mọ orúkọ àbísọ nǹkan, nǹkan náà kò lè ṣàì gbọ́ràn. Ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀ a máa kúnlẹ̀, a sì dúró de ìfẹ́ ẹni tí ó ń bẹ̀. Ìwé náà pín Sáàmù bí ẹni pín egbòogi: èyí fún orí fífọ́, èyí fún ọ̀tá, pẹ̀lú orúkọ mímọ́ tí a óò pè sí i. Báyìí ni a ṣe sọ igbe ọmọ sí Baba rẹ̀ di ọfọ̀, tí a sì fẹ́ sọ Ọlọ́run di ìránṣẹ́ wa.

Ìṣe àwọn Àpóstélì, orí 19, ròyìn àwọn ọmọkùnrin Skéfà 7 tí wọ́n pe orúkọ Jésù bẹ́ẹ̀. Ìhòòhò ni wọ́n sá jáde, pẹ̀lú ọgbẹ́ lára. Nígbà náà ni àwọn ará Éfésù kó ìwé idán wọn jọ, tí wọ́n sì sun wọ́n. Iye owó wọn tó 50,000 fàdákà. Ẹ kíyèsí i pé onígbàgbọ́ ni ó kó wọn wá.

Katikísímù Ìjọ, tí ó jáde ní 1992, kọ gbogbo iṣẹ́ idán ní ẹsẹ̀ 2117, kódà bí ó jẹ́ nítorí ìlera. Ẹsẹ̀ 2111 sì kìlọ̀ fún àwa náà: ẹni tí ó gbé Rósárì kọ́ sínú ọkọ̀ bí oǹdè, tí kì í gbàdúrà, kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ẹni tí ń ka ìwé náà.

Wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ni ó lọ sí ọjà. Ìyá tí ń ka ọ̀rọ̀ sórí omi lóru nígbà tí ibà ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ ti ṣìnà. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì ka Sáàmù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bẹ̀. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ má ṣe tà á, ẹ má ṣe fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Ẹ mú un tọ Fáda lọ, kí ẹ sì lọ sí ibi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ láìbẹ̀rù. Baba tí ó mọ àìní wa kí a tó béèrè kò dúró de orúkọ àṣírí kankan kí ó tó dá wa lóhùn.