Ẹ̀KỌ́ OÚNJẸ: BAKLAVA TÍ KÒ NÍ BỌ́TÀ, TÍ KÒ NÍ OYIN



Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí ìpápánu kan tí àwọn ará ilẹ̀ Gíríìsì fẹ́ràn púpọ̀. Baklava ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará Tọ́kì náà ń ṣe é, oníkálùkù ló sì ń sọ pé tòun ni. Àwa ò ní dá sí ìjà yẹn. Ohun tí a fẹ́ kọ́ ni bí a ṣe ń ṣe é fún ẹni tí kì í jẹ ohunkóhun tó ti ara ohun ẹlẹ́mìí wá: kò jẹ ẹran, kò jẹ ẹja, kò jẹ ẹyin, kò mu wàrà, kódà kò lá oyin. Irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ kò lè fojú rí ohun tó wà nínú ìpápánu. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó tà á fún un ló ń jẹ.

Kì í ṣe àṣà àjèjì pátápátá fún wọn ní Gíríìsì. Àwọn Kristẹni Ọ́tódọ́ọ̀sì ibẹ̀ máa ń gba ààwẹ̀ gígùn ṣáájú Àjíǹde, wọn kì í fẹnu kan ẹran, ẹyin, wàrà tàbí bọ́tà. Oúnjẹ tó bá ààwẹ̀ mu ni wọ́n ń pè ní nistisimo, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sára ọjà. Ibẹ̀ gan-an lèèyàn ti lè ṣi ọjà tà. Aláàwẹ̀ ń jẹ oyin, ó tún ń jẹ edé. Oníbàárà tiwa yìí kì í jẹ ọ̀kankan. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní nistisimo ni, ẹ ṣì bèèrè: ṣé kò sí oyin níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú bọ́tà ṣáájú. Àwọn ará Gíríìsì á yọ́ ọ, wọ́n á gbọ́n ìfófò rẹ̀ dànù, wọ́n á fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun sílẹ̀, torí omi inú rẹ̀ ń sọ baklava di rírọ̀, wàrà inú rẹ̀ sì ń tètè jóná. Òróró kò ní omi, kò ní wàrà, iṣẹ́ yẹn ti kúrò nìyẹn. Níbi tí wọ́n ti ń lo ìdámẹ́rin kílò bọ́tà, ife òróró kan tí kò kún dé etí ti tó. Òróró ólífì ní òórùn tó le, ẹ fi òróró tí kò lóòórùn pò ó, ìdajì sí ìdajì. Ẹ sì rántí pé màjarín la sábà máa ń pè ní bọ́tà lọ́jà wa. Ẹ ka ara agolo rẹ̀, òmíràn ní wàrà nínú.

Fyllo ni ewé tí wọ́n fi ń ṣe é, ewé gan-an sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Fúláwà, omi, iyọ̀ àti òróró díẹ̀ ni, tí wọ́n nà títí ó fi fẹ́lẹ́ bíi bébà. Ọ̀pọ̀ ló ń rà á ní páálí, ó sì sàn bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Àsálà ló ń wọ àárín rẹ̀, kì í ṣe àsálà tiwa tí a ń sè o, tiwọn gbígbẹ ni. Ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó sanwó: tó bá ń kan, òróró inú rẹ̀ ti bàjẹ́, kò sí ṣúgà tó lè bò ó.

Ẹ gún ìlàjì kílò àsálà, kó má kúnná, ẹ fi sinamọ́ọ̀nù ṣíbí kékeré méjì àti kànáfùrù lílọ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ tẹ́ ewé mẹ́jọ sínú páànù, kí búrọ́ọ̀ṣì fi òróró pa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọ́n àsálà, ẹ tẹ́ ewé méjì, ẹ tún wọ́n, títí á fi tán, kí ewé mẹ́jọ bò ó lórí. Ewé tó ń dúró, ẹ fi aṣọ tútù bò ó, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á gbẹ, á máa fọ́. Ẹ gé e kó tó wọ ófùnù. Lẹ́yìn yíyan, ọ̀bẹ á fọ́ ọ túútúú ni. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sórí rẹ̀, kí etí rẹ̀ má ká sókè. Nǹkan bíi wákàtí kan lórí 160 ni, títí á fi pọ́n dáadáa.

Ó wá ku oyin. Kì í ṣe adùn nìkan ni oyin ń ṣe, òun ni kì í jẹ́ kí omi ṣúgà dì padà bí iyanrìn. Bí a bá yọ ọ́, omi lẹ́mọ́ọ̀nù ló ń bá wa ṣe iṣẹ́ yẹn. Ife ṣúgà méjì, ife omi kan àbọ̀, ṣíbí omi lẹ́mọ́ọ̀nù kan pẹ̀lú èèpo rẹ̀, kó hó fún ìṣẹ́jú méje. Àwọn ará Gíríìsì tún ní petimezi, ìyẹn omi èso àjàrà tí wọ́n sè títí ó fi ki, tó sì dúdú. Ṣíbí mẹ́ta rẹ̀ nínú omi ṣúgà, ẹni tó mọ oyin gan-an á ronú lẹ́ẹ̀mejì. Omi ṣúgà tó ti tutù la ń dà sórí baklava gbígbóná. Bí méjèèjì bá gbóná, á rọ̀ bí ẹ̀kọ ni.

Ẹ má bò ó títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́. Kò nílò fíríìjì, ńṣe ni fíríìjì ń mú un le, ó sì lè lo ọ̀sẹ̀ kan nínú agolo. Ẹni tó bá ń ṣe ti bọ́tà àti ti òróró pọ̀, kó ya búrọ́ọ̀ṣì, páànù àti ọ̀bẹ wọn sọ́tọ̀, kó sì kọ ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ara páálí.