Tíṣà Nídìí Àtẹ

Ìbéèrè: Olùkọ́ ìmọ̀ òwò ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan n'Íbàdàn. Mo fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Kí ni kí n máa wò níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú làákàyè, Tíṣà. Ẹ má kọ́kọ́ sún mọ́ ìdí owó o, ọlọ́jà lè máa fura. Ibi tí wọ́n ti ń tú páálí ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní páálí ọṣẹ kan jẹ́ ₦12,000, owó mọ́tò ₦600, tí wọ́n wá tà á tán ní ₦14,000. Àwọn ọmọ kíláàsì á kọ èrè ₦2,000, àmọ́ ₦1,400 ni tẹ́ ẹ bá yọ owó mọ́tò. Bisikíìtì ńkọ́? Èyí tó ti pẹ́ ló ń wà níwájú, tuntun a bọ́ sẹ́yìn, kí ọjọ́ rẹ̀ má baà kọjá lórí àtẹ.

Àmọ́ inú ìwé àwìn ni ẹ̀kọ́ gidi wà. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí ọjà tó tà wàràwàrà, síbẹ̀ tí kò sí owó láti fi kó òmíràn. Ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó da ojú-ìwé kan kọ fún kíláàsì, kẹ́ ẹ sì yọ orúkọ àwọn oníbàárà kúrò.