Ẹni Tó Ni Ọ̀nà àti Ẹni Tó Ń Ta Ọjà: Ẹ̀kọ́ Kan Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin òbí ọ̀wọ́n, owó dátà ti di ìnáwó tí agbára káká ni ilé kan fi lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ wa ń fi íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ń fi í forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB. Ó yẹ kí a mọ ibi tí ohun tí à ń rà ti ń wá, àti ẹni tí ó ni ín.

Ìpele mẹ́ta ni íntánẹ́ẹ̀tì ń là kọjá. Èkíní ni wáyà abẹ́ òkun, tí okùn gíláàsì tín-ín-rín bí irun orí wà nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń gbé iṣẹ́ wa kọjá níbẹ̀. Èkejì ni wáyà tí a rì mọ́ ilẹ̀ láti etíkun wọ ìgboro. Ẹ̀kẹta ni òpó gíga tàbí wáyà tí ó gbé e dé ilé wa.

Ẹ jẹ́ kí a wo MainOne, ilé-iṣẹ́ tí Arábìnrin Funke Opeke, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Ifẹ̀, dá sílẹ̀. Ní ọdún 2010, wáyà rẹ̀, tí ó gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà, ti ilẹ̀ Potogí dé Èkó, ó sì yà sí Accra. Kì í ta á láti ojúlé dé ojúlé. Ó ń tà á lọ́pọ̀ fún báǹkì àti àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀. Àwọn wọ̀nyí ni alágbàtà tí ń bù ú ní kékeré fún wa. Ní ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Equinix ti Amẹ́ríkà rà á. Ní ti Glo, ó ní wáyà abẹ́ òkun tirẹ̀, Glo-1, ó sì tún ń tà fún aráàlú: àgbẹ̀ tí ó tún jókòó sí ìsọ̀ ni.

Olùtajà mọ̀ pé gbogbo oníbàárà kì í lò ó lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ó ń ta ọ̀nà kan fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí gbogbo wọn bá wọlé pọ̀, yóò falẹ̀.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà MainOne, WACS, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ nítòsí Abidjan, iṣẹ́ báǹkì púpọ̀ sì dúró. Alágbàtà tí ọ̀nà kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè ṣe ju kí ó máa wo ojú ẹni tí ó ni wáyà lọ.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ dáwó íntánẹ́ẹ̀tì fún ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹ jẹ́ kí a bi olùtajà ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni ó ni ọ̀nà náà? Ènìyàn mélòó ni yóò jọ lò ó? Bí ó bá já, ọ̀nà wo ni ó kù? Nígbà tí Nehemáyà ń mọ odi Jerúsálẹ́mù, ọ̀pọ̀ ló tún ibi tí ó kọjú sí ilé tirẹ̀ ṣe. A mọ ibi tí ó kọjú sí ilé tiwa. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọgbọ́n láti mọ ọ́n dáadáa.