Eré Orí Òkè: Ẹ Má Ṣe Gbàgbé Àbọ̀

Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ẹ̀kọ́ lára eré ìje Òkè Kamẹrúùnù, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1973. Ìlú Buea ni àwọn sárésáré ti ń gbéra. Wọ́n á la igbó kọjá, wọ́n á bọ́ sí pápá gbalasa, títí dé ṣóńṣó òkè tó ga ju mítà 4,000 lọ, níbi tí òtútù ti ń mú. Ṣùgbọ́n àlọ nìyẹn; wọ́n ṣì ń bọ̀ wá parí eré ní Buea. Nígbà tí a bá ń sọ̀kalẹ̀, iṣan itan ló ń ṣe bíréèkì fún ara. Ẹni tó bá ti ná gbogbo agbára rẹ̀ sórí gígun òkè, òkúta kékeré lè gbé e ṣubú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a máa fi sísọ̀kalẹ̀ náà dánra wò, kí a sì fi agbára pamọ́ de àbọ̀.