Ẹ Má Pe Aláìsàn Ní Ọ̀lẹ

Ẹ̀yin ọmọ Igbómìnà, láti Ìlá dé Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà, ẹ fetí sí mi. A kì í fojúure wo ọ̀lẹ nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n bí adẹ́mu bá fi igbà gun ọ̀pẹ láàárọ̀, tó di ìrọ̀lẹ́ tí apá rẹ̀ kò gbé igbà mọ́, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó bú u.

Ó lè jí ire. Nígbà tí oòrùn bá fi rọlẹ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ á ti wálẹ̀, á máa rí ẹnì kan ní méjì. Àgbọ̀n á rẹ̀ ẹ́ kí ẹran tó kúnná lẹ́nu rẹ̀. Omi tó mu lè gba imú jáde. Bó bá sinmi, ara á tún le díẹ̀. Ẹ ní kó gbójú sókè wo àjà fún ìṣẹ́jú kan, ẹ lè rí ìpéǹpéjú náà tí ń rọra sọ̀ kalẹ̀.

Myasthenia gravis ni àwọn dókítà ń pè é. Àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó bá àrùn jà ló kọjú ìjà sí onílé, tí iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán kò fi dé ọ̀dọ̀ iṣan bó ṣe yẹ. Kì í ràn.

Ẹ má sọ pé àjẹ́ ni, ó ní oògùn. Ní 1934, ní Greenwich nílùú Lọ́ńdọ̀nù, Dókítà Mary Walker gún aláìsàn kan lábẹ́rẹ́ physostigmine. Ìpéǹpéjú rẹ̀ gbéra, apá rẹ̀ sì lágbára sí i. Ara ẹ̀wà eséré ni oògùn náà ti wá, májèlé tí àwọn ará Kàlàbá máa ń fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn láyé àtijọ́. Ẹ má wá ẹ̀wà náà jẹ o, ó ń pani! Pyridostigmine ni wọ́n ń lò lónìí, pẹ̀lú prednisolone. Wọ́n máa ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹlòmíràn.

Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ìjọba, kí wọ́n kọ̀wé rán an sí ilé ìwòsàn ńlá ní Òṣogbo tàbí sí OAUTHC, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní Ilé-Ifẹ̀. Kó sọ orúkọ àìsàn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fún un lóògùn, torí ciprofloxacin, gentamicin àti chloroquine lè dá kún un. Kó má dá oògùn rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀.

Bí kò bá lè mí dáadáa, tàbí tí kò lè gbé itọ́ mì, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ẹ tètè gbé e lọ.