Jíjò, Jíjó àti Èéfín: Ìtumọ̀ Ìlànà Ìlò Ẹ̀rọ Amómigbóná Onígáàsì

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rìnrìn àjò nínú ọkọ̀ tí a kọ́ bí ilé, tí ó ní ibùsùn, ààrò àti ẹ̀rọ amómigbóná. Gáàsì própéènì inú sílíńdà ni ẹ̀rọ náà sábà ń lò. Ewu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ méjì ni ó wà nínú ìlò rẹ̀. Atúmọ̀ èdè tí kò bá fi ọ̀rọ̀ ya méjèèjì sọ́tọ̀ lè ṣi òǹkàwé lọ́nà títí dé ojú ikú.

1. Jíjò àti jíjó. Própéènì fi nǹkan bí ìlọ́po 1.5 wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá jò, ilẹ̀ ni ó ń rọ́ sí. Ìdí nìyí tí a fi ń kan ẹ̀rọ aṣèkìlọ̀ rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri. Kò ní òórùn fúnra rẹ̀. Ńṣe ni a fi èròjà tí ń rùn sí i kí imú lè tètè mọ̀ ọ́n. Nínú ìwé tí a kò fi àmì ohùn sí, “gaasi n jo” lè túmọ̀ sí pé ó ń jò tàbí pé ó ń jó. Èkíní jẹ́ ewu. Èkejì ni iṣẹ́ tí a rà á fún. Nítorí náà, “ń tú jáde” ni ó yẹ kí a lò fún ti àkọ́kọ́.

2. Èéfín àti afẹ́fẹ́ olóró. Bí própéènì kò bá rí ọ́síjìn tó, kì í jóná tán. Kábọ́nù mònósáìdì ni ó ń tibẹ̀ jáde. Àwọn kan lè pe èyí ní “èéfín”. Ṣùgbọ́n ojú ń rí èéfín, imú ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Yorùbá ní èéfín ni ìyì iná. Afẹ́fẹ́ yìí kò ní irú ìyì bẹ́ẹ̀, nítorí kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ti ń gba ipò ọ́síjìn, ó sì lè pa ẹni tí ó sùn. “Afẹ́fẹ́ olóró aláìrùn” ni ó sọ ìwà rẹ̀ gan-an.

3. Àpẹẹrẹ ìtumọ̀. “Ẹ rí i pé omi kún inú ẹ̀rọ kí ẹ tó tàn án. Ẹ má ṣe dí ihò tí ó ń gba ara ọkọ̀ tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ síta. Ẹ má ṣe fi ààrò mú yàrá gbóná. Bí gáàsì bá ń rùn, ẹ má ṣe ṣáná, ẹ má sì fọwọ́ kan ohun tí ń lo iná mànàmáná. Kí gbogbo yín jáde, kí ẹ sì ti sílíńdà láti ìta bí kò bá léwu. Bí ẹ̀rọ aṣèkìlọ̀ afẹ́fẹ́ olóró bá dún, ẹ jáde kíá, bí imú kò tilẹ̀ gbọ́ òórùn kankan.”

Gbólóhùn tí ó kẹ́yìn yìí ni “èéfín” kò lè gbé. Ẹni tí a bá sọ fún pé kí ó ṣọ́ra fún èéfín yóò máa fi ojú wá a. Bí kò bá rí i, yóò padà lọ sùn.