Ìpè Òkè Òkun Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Bí A Ṣe Lè Ṣọ́ Owó Ná



Ní nǹkan bí ọdún 1993, ìyá mi máa ń mú mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pe òkè òkun, nítorí ẹ̀gbọ́n mi wà ní Lọ́ńdọ̀nù. A ó tò títí, a ó san owó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé ara òun kò yá ni owó tán, ìpè sì já. Ó tó oṣù kan kí ìyá mi tó rí owó mìíràn tí ó fi mọ̀ pé ara ọmọ òun ti yá. Ìdí nìyí tí mo fi yan ẹ̀kọ́ yìí.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Láyé ìgbà náà, wọn a ya ọ̀nà kan sọ́tọ̀ fún ìpè wa nìkan títí a ó fi gbé fóònù kalẹ̀, bí ọ̀nà bá sì ṣe jìn tó ni owó ń pọ̀ tó. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fóònù yóò sọ ohùn wa di nọ́ńbà, yóò gé e sí wẹ́wẹ́, yóò sì fi ránṣẹ́ lójú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn. Fóònù ẹni tí a pè ni yóò tò ó pọ̀. Ó dà bí ẹni tó fi ẹrù sínú ọkọ̀ èrò dípò kí ó háyà odindi ọkọ̀. Nítorí náà, dátà là ń sanwó rẹ̀, kì í ṣe jíjìn ọ̀nà.

Iṣẹ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ilé iṣẹ́ VocalTec gbé tirẹ̀ jáde ní 1995. Skype dé ní 2003, ó sì kógbá wọlé ní 2025. WhatsApp fi ìpè kún iṣẹ́ rẹ̀ ní 2015.

Ọ̀nà ìfowópamọ́

1. Ìpè ohùn lásán kì í sábà jẹ ju nǹkan bí MB kan lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ìpè aláwòrán a máa jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ fi àwòrán kí ara yín, kí ẹ pa á, kí ẹ sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ.
2. Nínú WhatsApp, ẹ wá ibi tí a kọ "Use less data for calls" sí, kí ẹ tan án.
3. Ẹni tí ẹ ń pè gbọ́dọ̀ ní irú iṣẹ́ kan náà lórí fóònù rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ti íntánẹ́ẹ̀tì pe nọ́ńbà lásán, owó ọ̀tọ̀ ni. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè iye rẹ̀.
4. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá dára, ẹ gba ohùn sílẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́.

Ìkìlọ̀

Ẹni tó pè àti ẹni tí a pè ni dátà wọn ń lọ. WhatsApp kò lè pe 112 nígbà pàjáwìrì, nítorí náà ìpè fóònù lásán ni kí ẹ fi pè é. Bí nọ́ńbà mẹ́fà ìdánimọ̀ bá wọlé sórí fóònù yín, ẹ má fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ọmọ yín. Òun ni olè fi ń gba WhatsApp ẹni láti tọrọ owó lọ́wọ́ ẹbí.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà lẹ́yìn odi, owó kì í tún ṣe àwáwí mọ́. Ẹ pe ìyá yín.

Ìbéèrè fún akẹ́kọ̀ọ́

(a) Kí ni a ń sanwó rẹ̀ nínú ìpè íntánẹ́ẹ̀tì?
(b) Dárúkọ ọ̀nà méjì tí a lè gbà dín dátà kù.
(d) Kí nìdí tí a kò fi lè gbẹ́kẹ̀ lé WhatsApp nígbà pàjáwìrì?